Ǹjẹ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ṣì Ń Kọ́ Ọmọ ní Gírámà àti Ọwọ́ Ìkọ̀wé?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn òbí àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́)

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, àkọlé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè nínú ilé nígbà tí wọ́n bá ṣí ìwé iṣẹ́ ọmọ wọn wò. Ọmọ wà ní kíláàsì karùn-ún, ó mọ fóònù í tẹ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè kọ lẹ́tà ojú ewé kan ṣoṣo sí ìyá rẹ̀ àgbà. Gbólóhùn rẹ̀ kò ní ìparí, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ kò sì ní àmì kankan lórí. Àwọn òbí a wá máa wí pé: ǹjẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì ń kọ́ ọmọ ní gírámà? Ǹjẹ́ wọ́n ṣì ń kọ́ ọ ní ìkọ̀wé alásopọ̀, èyí tí a ń so lẹ́tà mọ́ lẹ́tà láìgbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé títí ọ̀rọ̀ kan yóò fi parí?

Àwọn kan gbà pé ìráhùn àgbàlagbà lásán ni èyí. Àwọn mìíràn gbà pé ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́ tán pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bí apá méjèèjì ti wí, ó sì yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú sùúrù.

ÀPÓTÍ BÀBÁ ÀGBÀ

Ẹ jẹ́ kí á fi àpèjúwe kan bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà kan jáde láyé, wọ́n sì ṣí àpótí rẹ̀. Wọ́n bá ìwé àkọsílẹ̀ kan níbẹ̀. Apá kan jẹ́ Yorùbá, tí bàbá fi ọwọ́ alásopọ̀ kọ bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn. Apá kejì jẹ́ Lárúbáwá, tí ó fi kálámù àti tàdáwà kọ bí àáfà rẹ̀ ti kọ́ ọ. Gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́, gbèsè tí òun náà jẹ, ilẹ̀ tí ó fi tọrẹ fún mọ́sálásí, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé náà.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ti gba oyè ní yunifásítì. Ó wo apá Yorùbá títí, kò rí i kà ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Ẹ̀kejì ti parí ilé kéwú. Ó wo apá Lárúbáwá, ó ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Wọ́n bá pa ìwé náà dé. Gbèsè ń bẹ lọ́rùn òkú, ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á.

Ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àmánà ni gírámà àti ọwọ́ ìkọ̀wé jẹ́. Bí ìran kan kò bá fi wọ́n lé ìran kejì lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ ènìyàn yóò sọnù láàárín ìran méjèèjì.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá ìbéèrè yìí pàdé, ọgbọ́n sì wà nínú ohun tí ojú wọn rí. Ní ọdún 2010 ni wọ́n gbé ìlànà ẹ̀kọ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Common Core, ìpínlẹ̀ tí ó lé ní 40 ni ó sì gbà á. Ìlànà náà kò yọ gírámà kúrò. Ó fi í sínú iṣẹ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kékeré bí a ti ń kọ lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ní kí àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ mọ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìkọ̀wé alásopọ̀ rárá. Kò sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ mọ́. Ó kàn dákẹ́ nípa rẹ̀ ni. Ohun tí kò bá sì sí nínú ìlànà, tí a kò ní fi dán ọmọ wò, kì í pẹ́ tí olùkọ́ fi í pa á tì, nítorí pé wákàtí ilé ìwé kò pọ̀.

Ọdún 12 péré lẹ́yìn náà, ní 2022, Drew Gilpin Faust, onímọ̀ ìtàn tí ó ti jẹ́ ààrẹ Yunifásítì Harvard rí, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Atlantic pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì òun ni kò lè ka ìkọ̀wé alásopọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ó ṣí ọ̀rọ̀ náà payá. Ó ní àwòrán àwọn ìwé àfọwọ́kọ ìgbà Ogun Abẹ́lé ilẹ̀ wọn wà nínú ìwé tí òun kà, ṣùgbọ́n kò ṣe òun ní àǹfààní, nítorí òun kò lè kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni o! Lẹ́tà àwọn baba rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ní èdè tí ó ń sọ lójoojúmọ́, ó sì di àjèjì sí i.

Ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, gómìnà ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà fọwọ́ sí òfin pé, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹfà ní ìkọ̀wé, kí ìkọ̀wé alásopọ̀ sì wà lára rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ó lé ní 20 ni ó ti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Fíńláǹdì náà ti mú ìkọ̀wé alásopọ̀ kúrò lára ohun tí ó jẹ́ dandan ní ọdún 2016. Àwọn ará Swídẹ̀nì ẹ̀gbẹ́ wọn, ní ọdún 2023, sì ti ń dá àwọn ọmọ padà sí ìwé títẹ̀ àti ìfọwọ́kọ̀wé.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ lè lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Ìdákẹ́ nìkan tó láti pa á.

NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ ŃKỌ́?

Bí ènìyàn bá béèrè bóyá gírámà ṣì wà nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé níbí, ìdáhùn ni pé ó wà. Ó wà nínú iṣẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó wà nínú iṣẹ́ èdè Yorùbá níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọ. Ìkọ̀wé náà wà lára iṣẹ́ àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí nǹkan wà nínú ìlànà yàtọ̀ sí kí ó wọ ọmọ lára. Àwọn tí ó ti lé ní 50 ọdún rántí síléètì àti ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n rántí ìwé tí a fa ìlà méjì-méjì sí, tí ìrù lẹ́tà kò gbọdọ̀ kọjá ìlà. Wọ́n rántí àpèkọ, tí tíṣà yóò pe gbólóhùn, tí gbogbo kíláàsì yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti kọ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé lónìí, ìwé tí a ti tẹ̀ ni ọmọ ń kọ sí: ó fi ọ̀rọ̀ kan dí àlàfo, ó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn, ó parí. Ìdánwò JAMB, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ní ọdún 2013, ti di ti kọ̀ǹpútà fún gbogbo ènìyàn láti ọdún 2015. Yíyan ìdáhùn ni iṣẹ́ ibẹ̀. Kò burú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń fi ojú sí irú ìdánwò yẹn nìkan kò ní rí ìdí tí òun yóò fi kọ́ bí a ti ń kọ àròkọ.

Ọ̀rọ̀ èdè abínibí tún wà níbẹ̀. Ojọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, Mùsùlùmí ọmọ Èkó tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ni ó wà nídìí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fàẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2022 tẹ̀ sí ọ̀nà yẹn: ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Èdè tí a fi ń kọ́ni ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Kò kan Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ti ní òfin láti ọdún 2018 pé kí wọ́n máa kọ́ ọ ní ilé ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Síbẹ̀, òbí tí ó bá gbọ́n yóò mọ̀ pé ẹrù gírámà Yorùbá ti wúwo sí i lórí ilé àti mọ́sálásí.

OHUN TÍ GÍRÁMÀ Ń ṢỌ́

Àwọn kan ń rò pé orúkọ ni gírámà: ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìṣe, ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kàn jẹ́ irin iṣẹ́ ni. Ìtumọ̀ ni ohun tí gírámà ń ṣọ́. Ẹ padà sí ìwé inú àpótí bàbá àgbà. Bàbá kọ ọ́ pé:

Làmídì sọ pé òun ti san owó náà.

Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Làmídì fúnra rẹ̀ ni ó sanwó. Bí bàbá bá kọ ọ́ pé "Làmídì sọ pé ó ti san owó náà," ojú á kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ "Làmídì sọ pé o ti san owó náà," ìwọ tí ò ń kà á ni ó sanwó. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni! Wàyí o, ọmọ-ọmọ kan gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Lamidi so pe o ti san owo naa." Ta ni ó sanwó? Kò sí adájọ́ tí ó lè mọ̀ ọ́n láti inú gbólóhùn yẹn. Àmì kékeré kan àti ọ̀rọ̀ arọ́pò kan ni ó wà láàárín ẹni tí ó san gbèsè rẹ̀ àti ẹni tí ó jẹ gbèsè kú.

Ẹ rántí pé áyà tí ó gùn jù lọ nínú Alùkùráánì, nínú Sūratu l-Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ó pa á láṣẹ pé kí akọ̀wé wà, kí ó sì ṣe déédé. Báwo ni akọ̀wé yóò ti ṣe déédé bí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín "òun" àti "ó"?

Àwọn onímọ̀ Lárúbáwá mọ èyí tipẹ́. Nínú ìtàn, Abū al-Aswad ad-Du'alī, ará Basra ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní Hijra, ni wọ́n sọ pé ó fi ìpìlẹ̀ gírámà Lárúbáwá lélẹ̀. Wọ́n ní ó gbọ́ tí ẹnìkan ṣi fáwẹ̀lì kan pè nínú Alùkùráánì, tí ìtumọ̀ áyà náà sì dojú rú. Ìyẹn ni ó mú kí ó máa fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣìnà. Iṣẹ́ tí fatha, kasra àti damma ń ṣe fún Lárúbáwá, àmì ohùn ń ṣe irú rẹ̀ fún Yorùbá. Ọmọ ilé kéwú tí yóò kọ damma, tí yóò sì ní àmì ohùn Yorùbá jẹ́ wàhálà lásán, ó ti gba ọ̀kan, ó kọ èkejì láìnídìí.

OHUN TÍ ỌWỌ́ ÌKỌ̀WÉ Ń ṢỌ́

Ọwọ́ ìkọ̀wé ní tirẹ̀ ń ṣọ́ ìrántí. Nínú ìtàn ogun Badr, ní ọdún kejì Hijra, Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) gbà pé kí àwọn ẹrú ogun tí kò ní owó ìràpadà máa kọ́ àwọn ọmọ Mẹ́dínà ní ìwé kíkọ. Ẹni tí ó ń wá owó fún ìlú tí kò ní púpọ̀, tí ó wá gba ìkọ̀wé ọmọdé dípò owó, ó ti fi hàn wá iye tí ìkọ̀wé tó.

Àwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá ti fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ìwé púpọ̀, wọ́n sì tún fi kọ èdè Yorùbá pàápàá, èyí tí wọ́n ń pè ní àjàmí. Ọwọ́ tí wọ́n fi kọ wọ́n ni ọwọ́ Mọ̀gíríbì tí ó ti Àríwá Áfíríkà wá. Nínú ọwọ́ yẹn, abẹ́ fā' ni àmì tó-tó rẹ̀ máa ń wà, àmì kan ṣoṣo ni qāf sì ní lórí. Nínú ìwé tí a ń tẹ̀ ní Mẹ́dínà àti Káírò, tí ọmọ ilé kéwú òde òní fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, fā' ni ó ní àmì kan lórí, qāf sì ní méjì. Nítorí náà, bí bàbá àgbà bá kọ "qalam," ọmọ yóò kà á sí "falam," yóò sì ní ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ-ọmọ kejì nìyẹn. Lárúbáwá rẹ̀ kò kéré. Wákàtí kan péré lọ́dọ̀ àáfà àgbà kan ìbá ṣí ìwé náà fún un.

Ìwádìí náà ti ń gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ní Trondheim, ilẹ̀ Nọ́wè, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo bí ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ 36 ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀, apá púpọ̀ nínú ọpọlọ wọn ni ó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ju ìgbà tí wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá ti kọ Alùkùráánì sórí wálàá, tí ó fọ̀ ọ́, tí ó tún un kọ, kò ní yà á lẹ́nu pé ohun tí ọwọ́ bá kọ a máa pẹ́ lọ́kàn.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN TÍ Ó Ń TAKÒ Ó

Àwọn kan yóò wí pé fóònù ti gba iṣẹ́ ọwọ́. Òótọ́ ni pé ó ti gba púpọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè ka ohun tí olówó rẹ̀ kò lè kà, kí olówó rẹ̀ sì fi ọkàn tán an pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ náà, kí ó fi àmì sí i. Àwọn bọ́tìnì Yorùbá tí ó ní àmì ohùn ti wà lórí fóònù.

Àwọn mìíràn yóò wí pé gírámà kò sọ ẹnikẹ́ni di òǹkọ̀wé. Ìdí wà fún ọ̀rọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1963, ìwádìí ńlá kan tí Richard Braddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi hàn pé kíkọ́ òfin gírámà lórí ara rẹ̀ nìkan kò mú kí ọmọ kọ̀wé dáadáa sí i. Kí olùkọ́ gba èyí gbọ́. Ọmọ tí a nà nítorí pé kò lè ka orúkọ àwọn ọ̀rọ̀ lórí kò ní fẹ́ràn ìwé. Inú gbólóhùn tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ ni kí á ti mú gírámà jáde: kí á bi í léèrè pé, "Ta ni o ní lọ́kàn níbí?" kí ó sì tún un ṣe.

Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹwà ọwọ́ ṣe ìgbéraga. Ohun tí à ń wá ni kí ọmọ lè kọ ohun tí ẹlòmíràn yóò kà, kí ó sì lè ka ohun tí àwọn ṣáájú rẹ̀ kọ.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀

Èkíní, kí ilé kéwú òpin ọ̀sẹ̀ ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ fún ìwé Yorùbá. Àpèkọ gbólóhùn márùn-ún tó, pẹ̀lú àmì ohùn, ní ìkọ̀wé alásopọ̀. Olùkọ́ tí ó mọ náháwù Lárúbáwá yóò rí i pé iṣẹ́ náà kò ṣe àjèjì sí òun.

Èkejì, kí òbí mú kí ọmọ kọ lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ kan lóṣù sí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ àgbà, kí àgbà náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a lóhùn. Ọmọ yóò kọ́ ìkọ̀wé nínú èkíní, yóò kọ́ kíka ọwọ́ àgbà nínú èkejì. Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí kàn jù.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tọ àwọn àgbà lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ mú ìwé ẹbí jáde, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ sílẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ìwé náà fúnra rẹ̀ kúrò nílé.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ó bá yá owó tàbí tí ó yáni lówó kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn tí kò ní ìtumọ̀ méjì, kí ẹlẹ́rìí sì kà á sókè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Bí ẹnìkan bá tún béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì ń kọ́ni ní gírámà àti ọwọ́ ìkọ̀wé, kí á dá a lóhùn pé ó ń kọ́ díẹ̀, èyí tí ó ń kọ́ kò sì tó. Lẹ́yìn náà kí á bi í pé, kí ni ilé tirẹ̀ ń kọ́? Àpótí bàbá àgbà ṣì wà ní ọ̀pọ̀ yàrá ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní Ìwó àti ní Èkó. Orúkọ Làmídì ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò ka "òun" sí "òun," tí yóò sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè tí ó ti san.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó dárí jin àwọn olùkọ́ tí ó di ọwọ́ wa mú lórí wálàá àti síléètì, kí Ó má ṣe jẹ́ kí àmánà àwọn baba wa sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Āmīn.